Kálípà irin oní-150 mm: ṣé ó yẹ ọmọ girama tó fẹ́ mọ iṣẹ́ irin?

Òṣogbo kì í ṣe ìlú aró nìkan. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa na irin ìkọ́lé sí, ibẹ̀ náà ni iléeṣẹ́ Nigeria Machine Tools wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980 láti máa ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ. Síbẹ̀, bí a bá dárúkọ iṣẹ́ irin fún ọmọ girama, wẹ́dà àti mẹkáníìkì ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin dé ìwọ̀n) ń ṣe, tàbí ẹni tó ń yẹ ọjà wò ní iléeṣẹ́, kó kọ́kọ́ ra kálípà, ohun ìwọ̀n tó ń fi ẹnu rẹ̀ gbá nǹkan mú láti mọ bó ṣe tóbi tó. Irin ni kó jẹ́, oní-150 mm, tó lè ka ìyàtọ̀ tó kéré tó 0.02 mm.

Oníke máa ń tẹ̀. Oníbátìrì yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èsì ló ń gbé fún ọmọ, kì í jẹ́ kó mọ ibi tí èsì ti wá. Àwọn olówó pọ́ọ́kú inú wọn tún máa ń jẹ bátìrì nígbà tí wọ́n bá pa á pàápàá.

Kálípà irin yìí ní ẹnu ńlá fún ìta, ẹnu kékeré fún inú ihò, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀ fún jíjìn. Béárìn 6203, òrùka irin tó ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀rọ yí wẹ́rẹ́, ni ká fi kọ́ wọn: inú rẹ̀ jẹ́ 17 mm, ìta 40, ìbú 12. Ẹ wá ọ̀pá ẹ̀rọ tó ti jẹ, tó ń gbé irú béárìn bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ẹnu ńlá wọ̀n ọ́n. Ìlà ńlá wà lára kálípà fúnra rẹ̀, ìlà kékeré wà lára apá rẹ̀ tó ń sún. Ẹ wo ibi tí òdo ìlà kékeré dúró sí: ó kọjá 16, kò dé 17. Ẹ wá ìlà kékeré tó bá ìlà ńlá ṣe déédéé jù lọ. Bó bá jẹ́ èyí tó tẹ̀lé nọ́ńbà 9, 0.90 àti 0.02 nìyẹn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16.92. Ojú ò lè rí 0.08 mm tó dín yẹn, béárìn mọ̀ ọ́n: ọ̀pá á máa yọ̀ nínú ihò rẹ̀, á gbóná, á sì pariwo. Wọ́n á jó irin kún un, tọ́nà á wá fá a padà sí ìwọ̀n. Aláró lè tọ́ aró wò kó mọ̀ pé ó ti tó lò, irin ò ṣeé tọ́ wò.

Bí ọ̀pá bá gbọ́dọ̀ fún mọ́ béárìn pinpin, agbára kálípà ò dé ibẹ̀, maikiromítà, ohun ìwọ̀n tó péye ju kálípà lọ, ni kí wọ́n lò.

Ooru ló ń tan àwọn ọmọ jẹ jù. Irin 100 mm tó fi 50°C gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ á gùn sí i ní nǹkan bíi 0.06 mm, bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní gbígbóná tí wọ́n sì fá a dé ìwọ̀n, yóò kéré jù nígbà tó bá tutù. Ẹni tó bá fún ẹnu kálípà mọ́ irin jù náà á ka ohun tó dín. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ gbé kálípà lé irin tó ṣì ń yí.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, kẹ́ ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín yọ, tàbí tí òdo méjèèjì ò bára mu, ẹ dá a padà. Ẹ mú béárìn tuntun dání: ìta rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka 40.00, bó bá lé 0.02 tàbí tó dín in, ẹ lè gbà á. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bèèrè òmíràn.