Ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò wa dára, ṣùgbọ́n ó ku ti alẹ́

Bí ara ọmọ bá ń gbóná ládùúgbò wa ní ẹ̀bá Ìbàdàn níbí, kẹ́mísìtì ni ọ̀pọ̀ ìyá ń kọ́kọ́ sáré lọ. Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ilé ìwòsàn alábọ́dé ìjọba tó wà lẹ́yìn ọjà ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ mi ti gba àjẹsára, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bá ìyá ọkọ mi wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn débẹ̀, kò gba owó ọkọ̀.

Iṣẹ́ àjẹsára ni ọwọ́ wọn dá ṣáṣá sí jù, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹ bá ti bímọ, ẹ tètè gbé e lọ gba BCG tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sẹ́nu, àti ti mẹ́dọ̀wú. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Tó bá pé oṣù 9, ó kan ti èéyi àti ibà pọ́njú. Wọ́n á tún fún un ní ti èéyi lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù 15. Ibi oṣù 9 yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń dẹwọ́, torí ọmọ ti ń rá, ara rẹ̀ sì yá. Ẹ má dẹwọ́ o.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ìyá ń bínú pé wọ́n dá àwọn padà lọ́jọ́ BCG. Ó ní ìdí. Ìgò kan wà fún ọmọ 20, tí wọ́n bá sì ti pò ó, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 6 lọ, dídànù ni ìyókù. Wọn ò lè torí ọmọ kan ṣí i kí ti ọmọ 19 ṣòfò. Ẹ béèrè ọjọ́ rẹ̀ kí ẹ tó pọn ọmọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ó gbé ìgò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sún mọ́ mi lójú, ó fi àmì róbótó kan hàn mí lára rẹ̀, tí igun mẹ́rin funfun kékeré wà láàárín. Ó ní, “Ìyá ọmọ, ẹ wò ó dáadáa. Bí àárín yìí bá ti ṣú bíi ti etí rẹ̀, ooru ti bà á jẹ́ nìyẹn, a ò ní kán an sọ́mọ yín lẹ́nu.” Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wo àmì náà fúnra mi, kò sì sẹ́ni tó bínú sí mi.

Ní ti ibà, wọn kì í fojú wo ọmọ kí wọ́n kàn kọ oògùn. Wọ́n á gún un níka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ike àyẹ̀wò pẹlẹbẹ kan, ẹ ó sì dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ mi kejì gbóná gan-an lọ́jọ́ kan, àyẹ̀wò ní kì í ṣe ibà, ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn ún. Ní kẹ́mísìtì, oògùn ibà ni mi ò bá rà.

Oògùn wọn máa ń tán. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá, ìta la ti sábà ń rà á.

Àmọ́ ti alẹ́ ló ń dùn mí. Bó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ìyàwó aládùúgbò wa kan rọbí lóru, orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Ó bí ire, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kí aboyún máa rọbí lórí ọ̀kadà nínú òkùnkùn? Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ṣe mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, tó sì jẹ́ dókítà ọmọdé, jà fitafita kí irú ilé ìwòsàn yìí lè dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Mẹ̀kúnnù kì í ṣàìsàn lọ́sàn-án nìkan. Nọ́ọ̀sì méjì, iná sólà àti yàrá tí wọ́n lè sùn sí ni a ń tọrọ. Tí káńsẹ́lọ̀ bá tún wá tọrọ ìbò ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi í nìyẹn.