Páwà sọ́pláì tòkunbọ̀ tàbí tuntun: èwo ló yẹ kọ̀ǹpútà àtòfúnra-ẹni?

Ní Computer Village n'Íkẹjà, oríṣi páwà sọ́pláì méjì (àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀yà kọ̀ǹpútà) ni wọ́n máa ń gbé síwájú ẹni tó fẹ́ to kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀: tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, àti tuntun inú páálí.

Owó tòkunbọ̀ kéré, iṣẹ́ inú rẹ̀ sì sábà máa ń dára. Ẹnu wáyà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́) tó jẹ́ ATX, ìyẹn ìwọ̀n tó wọ́pọ̀, ń fẹ́ ẹnu oníhò 24, àti oníhò 8 fún CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ Dell àti HP ọ́fíìsì ló ní ẹnu tiwọn lọ́tọ̀, kò sì ní wọlé. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò náà. Bó bá ní bọ́tìnì 115/230, 230 ni kó wà, torí iná tiwa nìyẹn. Bó bá wà ní 115 tẹ́ ẹ sì kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, gbòà! Ó parí.

Tuntun gidi bá ATX mu, ó sì ní wáyà fún káàdì àwòrán, èyí tó ń gbé àwòrán géèmù jáde. Káàdì RTX 3060 ti Nvidia nìkan ń jẹ wáàtì 170. Nvidia ní kí páwà sọ́pláì rẹ̀ tó wáàtì 550. Tòkunbọ̀ ọ́fíìsì tí kò ju 240 lọ kò lè gbé e. Ayédèrú wà nínú tuntun o! Èyí tó fúyẹ́ bíi páálí òfìfo, tí wọ́n wá kọ 750 sí lára, ẹ dá a padà fún wọn. Iye tó wà lórí ìlà 12V (ìlà tó ń gbé iná fún CPU àti káàdì) ni kẹ́ ẹ kà.

Fún ìwé títẹ̀ lásán, tòkunbọ̀ tí ẹnu rẹ̀ bá mu ti tó. Fún géèmù, tuntun tó ní òǹtẹ̀ 80 Plus (ẹ̀rí pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀) ni màá rà, kódà bí káàdì bá máa dúró d'oṣù tó ń bọ̀.