Gbàǹjo ni kí ẹ yàn: fantasy baseball orí Yahoo bí mo ṣe rí i

Nínú eré fantasy, agbábọ́ọ̀lù gidi lèèyàn ń kó jọ sínú ẹgbẹ́ tirẹ̀ lórí ayélujára, ohun tí wọ́n bá sì ṣe lórí pápá ló ń di pọ́ìǹtì. Ẹni tó bá ti ń ṣe Fantasy Premier League (FPL), ti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìdajì tó kù ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú FPL, àìmọye èèyàn lè ní Haaland lẹ́ẹ̀kan náà, iye tí eré náà bá sì dá lé e ni gbogbo wọn máa san. Nínú fantasy baseball tí à ń ṣe níbí ní Houston, agbábọ́ọ̀lù kan kì í jẹ́ ti ẹni méjì. Bí mo bá ti ra Yordan Alvarez, tèmi ni títí sáà á fi parí, àfi tí mo bá fi ṣe pààrọ̀ tàbí tí mo jù ú sílẹ̀. Nǹkan kan yìí ló sọ eré náà di ìjà gidi.

Orí Yahoo Fantasy la ti ń ṣe é, èmi, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, àti àwọn kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ dá líìgì sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìbéèrè méjì láti dáhùn: báwo lẹ ṣe fẹ́ pín àwọn agbábọ́ọ̀lù, báwo lẹ sì ṣe fẹ́ ka pọ́ìǹtì? Bí ẹ bá dáhùn méjèèjì dáadáa, ẹ ó gbádùn oṣù mẹ́fà gbáko.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti pínpín. Èyí tó wọ́pọ̀ ni kí ẹ máa mú un níkọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó mú kẹ́yìn ní yípo àkọ́kọ́ wá mú ṣáájú ní yípo kejì. Ó yá, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ méjìlá, tí ìbò sì gbé ọ sí ipò kejìlá, o ò ní fojú kan ìràwọ̀ bíi Shohei Ohtani tàbí Aaron Judge, bó ti wù kí o mọ baseball tó. Èmi ò fara mọ́ ọn. Gbàǹjo ni kí ẹ yàn. Yahoo á fún máníjà kọ̀ọ̀kan ní 260 dọ́là, owó eré lásán, láti fi ra èèyàn 23. Wọ́n á pe orúkọ, ẹni tó bá fẹ́ á dá iye lé e, ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù ló ni ín. Kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ ò lè tó, bí o bá ṣáà lè fara da ohun tó máa ná ọ níbòmíràn.

Mi ò lè gbàgbé ti oṣù kẹta ọdún 2024. Ronald Acuña Jr. ti Atlanta ni gbogbo wa ń dúró dè. Ní 2023, ó gbá home run 41 (bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ọgbà pápá), ó jí béèsì 73 (sísáré dé ibùdó tó kàn láì dúró de kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù); kò sí ẹnì kankan nínú ìtàn Major League, líìgì baseball tó ga jù ní Amẹ́ríkà, tó ti ṣe 40 àti 70 pọ̀ ní sáà kan rí. Orúkọ rẹ̀ jáde. Aago kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ka sẹ́yìn, ẹnì kan á fi dọ́là kan kún un, aago á tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àbúrò kan ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ fi eléyìí sílẹ̀ fún mi.” Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé, “Kò sí ẹ̀gbọ́n nínú gbàǹjo o,” ó sì tún fi dọ́là kan lé e. Ó kọjá 50 kó tó dúró. Bí mo ṣe fọwọ́ lẹ́rán, mo mọ̀ pé owó ti dín lápò àwọn méjèèjì, àti pé lẹ́yìn wákàtí kan, àwọn tó dára á máa lọ ní ẹ̀dínwó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ibi tí adùn gbàǹjo wà nìyẹn: wíwo àpò àwọn yòókù ṣe pàtàkì bíi mímọ agbábọ́ọ̀lù. Ojú ìwé Yahoo sì ń fi iye tó kù lọ́wọ́ máníjà kọ̀ọ̀kan hàn yín ní gbogbo ìgbà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, iṣan orúnkún Acuña já, sáà rẹ̀ parí. Mi ò ní bá ẹni tó rà á wí, torí ta ni ì bá mọ̀? Ààyè àwọn aláìlera tó wà nínú eré náà jẹ́ kó lè rí ẹlòmíràn mú láì ju Acuña nù.

Yahoo máa ń kọ iye tí àwọn èèyàn ń ra agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan káàkiri sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe gbára lé e pátápátá. Líìgì ẹlẹ́ni mẹ́wàá àti ti ẹlẹ́ni méjìlá ò lè ní iye kan náà. FanGraphs, ìkànnì ìṣirò baseball kan, ní ẹ̀rọ ìṣirò gbàǹjo tiwọn: ẹ sọ iye máníjà àti owó yín fún un, ó sì máa dá iye lé olúkúlùkù. Òfin eré pàápàá ń yí iye padà. Ní 2023 ni Major League sọ béèsì di íńṣì 18, láti 15, wọ́n sì dín iye ìgbà tí ajùbọ́ọ̀lù lè yíjú sí ẹni tó fẹ́ sáré kù. Béèsì jíjí fò láti 2,486 ní 2022 dé 3,503. Ohun tó wọ́n tẹ́lẹ̀ ti wá pọ̀ lọ́jà, síbẹ̀ mo ṣì ń rí àwọn tó ń san owó àtijọ́ lórí rẹ̀.

Ní ti kíka pọ́ìǹtì, Yahoo á kọ́kọ́ gbé ìdíje ẹni sí ẹni lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ síwájú yín. Ẹ kọjá rẹ̀. Baseball gùn, eré 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ẹni tó gbóná jù lágbàáyé sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan láì rí nǹkan gbá. Rotisserie ni kí ẹ mú, irú èyí tí òǹkọ̀wé Daniel Okrent àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní New York ní 1980, tó sì gba orúkọ ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń pàdé. Lórí Yahoo, ìpín mẹ́wàá ni: márùn-ún fún àwọn tó ń fi igi gbá, márùn-ún fún àwọn tó ń jù. Nínú líìgì ẹlẹ́ni méjìlá, ẹni tó ṣíwájú nínú ìpín kan gba 12, ẹni ìkẹyìn gba 1. Home run nìkan ò lè gbé ọ gun òkè.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ wá kù. Ẹ ò lè pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù kan mọ́ nígbà tí eré tirẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Houston, mo ṣì lè pààrọ̀ ẹni tó fẹ́ gbá ní Los Angeles. Bọ́tìnnì kan wà tó ń to gbogbo ẹni tó ní eré lọ́jọ́ náà sí ipò. Ó wúlò, àmọ́ kò mọ̀ pé Denver ga tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi fúyẹ́, tí bọ́ọ̀lù sì ń fò jìnnà ní Coors Field, pápá ìlú náà. Ajùbọ́ọ̀lù tèmi tó bá ń lọ síbẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ló máa jókòó.

Ẹ tún yan ètò owó àṣírí fún mímú àwọn tí kò tíì jẹ́ ti ẹnì kankan: 100 dọ́là fún sáà, olúkúlùkù á kọ iye tirẹ̀ láì jẹ́ kí ẹlòmíràn rí i. Láìsí ìyẹn, ẹni tí kì í sùn ló máa kó gbogbo ẹni tuntun tó bá gba ipò ajùbọ́ọ̀lù tó ń parí eré.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ lọ́dọ̀ Yahoo ni pé wọ́n pín Ohtani sí méjì, ẹni tó ń gbá lọ́tọ̀, ẹni tó ń jù lọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé ó mú ìdọ́gba wá. Síbẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo ni, ìyẹn gan-an sì ni ìyanu rẹ̀.

Ní ti owó oṣù tí wọ́n ń gbà fún àfikún irinṣẹ́, èmi ò rí ohun tó ṣe níbẹ̀ tí FanGraphs ò ṣe fún mi. Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ lò lọ́jọ́ gbàǹjo, kì í ṣe fóònù. Níbi tí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, áàpù dákú sí wa lọ́wọ́ láàárín gbàǹjo, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rajà fún wa. Bí ẹ ò bá ráyè wò ó lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí alákòóso líìgì yí i sí títò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí gbàǹjo tó wáyé, torí sáà ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹta.