Ẹkùn ti dàgbà: ṣé kí n pààrọ̀ dókítà rẹ̀?

Ọdún 2011 ni mo gbé Ẹkùn wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àjé, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ ológbò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni nígbà náà, ṣùgbọ́n èkúté ti dá àpò gààrí mi lu, n kò sì lè máa da májèlé sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ tí mò ń tà. Kò pé ọdún tí àwọn èkúté fi kó ẹrù wọn. Ẹni tó bá ní "ṣebí ológbò lásán ni," tàbí tó ń wò mí bí àjẹ́ torí pé ó ń sùn sí mi lẹ́sẹ̀, kò mọ gbèsè tí mo jẹ ẹ́.

Dókítà ẹranko kan ṣoṣo ló ń tọ́jú rẹ̀ látìgbà náà. Ọ̀kadà ló máa ń gùn wá sílé, á gbé kúlà sáàárín ẹsẹ̀, yìnyín á wà nínú rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi má bàa bàjẹ́. Orí tábìlì ìjẹun mi ló ti tẹ Ẹkùn lọ́dàá, ìgbà yẹn ni ìrìn òru àti ìjà dópin. ₦5,000 ló ń gbà, toògùn toògùn, bí owó ò bá sì sí lọ́wọ́, á ní, "Ìyá Ṣadé, ó di ọjọ́ míì." Ìgbà kan ṣoṣo lọ́dún ni ẹ ò ní rí i: bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, ẹṣin àwọn ìdílé Balógun ló ń gbé e kiri. Èmi náà kì í fi ẹṣin ọjọ́ kẹta Ìléyá ṣeré, n kò lè bá a jà.

Ọdún yìí ni nǹkan yí padà. Ẹkùn tí kì í fẹ́ kí omi kàn án bẹ̀rẹ̀ sí í wọ balùwẹ̀ lọ mu omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Abọ́ omi tí mo bá kún láàárọ̀ á ti gbẹ kí oòrùn tó kan àtàrí. Iyanrìn tó ń tọ̀ sí ń rin gbingbin. Bí mo bá fọwọ́ pa á lẹ́yìn, eegun ni mò ń kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni dókítà wa wá. Abẹ́rẹ́ fítámì, oògùn aràn, abẹ́rẹ́ fítámì. Ó ní àgbà ló dé sí i. Èmi náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún, bí mo bá lọ sí jẹ́nẹ́rà, wọn kì í sọ fún mi pé àgbà ló dé kí n máa lọ ilé, wọ́n á kọ́kọ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi.

Ohun tó wá dẹ́rù bà mí jù nìyí. Lóṣù kẹrin, ara Ẹkùn gbóná, kò jẹun. Mo pe dókítà, kò gbé e. Mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ti ń ta oògùn ẹranko. Ọmọ tó fi síbẹ̀ ní kí n dá pàrásítámọ̀ kan sí méjì, kí n fún un ní ìlàjì. Mo lọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ ẹja. Ẹkùn tọ́ ọ wò, itọ́ ń hó funfun lẹ́nu rẹ̀, ó tu gbogbo rẹ̀ sí mi láṣọ, ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aláìmoore ni mo pè é lọ́jọ́ náà.

Ọmọ mi ló ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Ṣágámù." Ilé ìwòsàn ẹranko kan wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan ni dókítà wọn. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbé Ẹkùn sórí síkéèlì tí wọ́n fi ń wọn ọmọ tuntun: kílò 3.1. Ó ní, "Mà, èló ló wọ̀n tẹ́lẹ̀?" Ta ló mọ̀? Èmi tí mò ń wọn gààrí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọdún 14, n kò wọn ológbò mi rí, dókítà wa kò sì wọ̀n ọ́n.

Ó fi ìka méjì fa awọ èjìká rẹ̀ sókè, ó jù ú sílẹ̀. Awọ náà dúró ṣóńṣó bí aṣọ tí wọ́n fi táàṣì sí, kó tó rọra padà. Ó ní omi ti gbẹ lára rẹ̀, bó ti wù kó mu tó, ìtọ̀ ló ń kó o jáde. Ó fọwọ́ wá ọ̀fun rẹ̀ bóyá ẹ̀yà tó máa ń wú lọ́rùn ológbò àgbà ti wú, èyí tí wọ́n á máa jẹun bí ẹni ebi pa láti àná, tí wọ́n á sì máa rù. Kò sí i. Ó gba ẹ̀jẹ̀, ó gba ìtọ̀. Kíndìnrín ni. Ó ní kíndìnrín ológbò kì í tètè ké: kí ẹ̀jẹ̀ tó fi í hàn, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ á ti lọ. Kò ní san tán, àmọ́ a lè bá a rìn. Ó fa omi sábẹ́ awọ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ wú bíi pé ó ru àpò.

Mo sọ ọ̀rọ̀ pàrásítámọ̀ fún un. Ó gbé kálámù sílẹ̀. Ó ní ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè palẹ̀ oògùn yẹn mọ́, ṣe ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bàjẹ́ tí kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, erìgì á dúdú, ojú á wú. Ìlàjì tó láti pa á.

Ẹ má rò pé Ṣágámù kò níyọnu. Káàdì àti àyẹ̀wò gbà mí ní ₦52,000. Wákàtí méjì la fi jókòó láàárín àwọn ajá tó ń gbó, Ẹkùn ń gbọ̀n nínú apẹ̀rẹ̀. Kí a tó dé Ìlíṣàn lójú ọ̀nà ló ti tọ̀ sára, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọn ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ológbò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, dókítà náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìfúnpá gíga lè fọ́ ojú irú rẹ̀ lójijì. Oúnjẹ kíndìnrín tí wọ́n tà fún mi, owó rẹ̀ ju àpò gààrí lọ, Ẹkùn sì fi ẹsẹ̀ wa iyanrìn lé e. Ìgbà tí mo pè wọ́n ni wọ́n tó ní kí n má fi ebi fipá mú un, pé ológbò tí kò bá jẹun fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Kò yẹ kí n tó pè kí wọ́n tó sọ ìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń pò ó mọ́ ẹja tí mo ti yọ eegun rẹ̀ báyìí, mo sì ń bu omi lé e.

Mo gbé ìwé àyẹ̀wò lọ bá dókítà wa. Àyà mi ń já, torí ó dà bí ẹni pé mo lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ó kà á tán, ó dákẹ́. Ó ní, "Ìyá Ṣadé, ẹ̀rọ ni mi ò ní. Ojú ni mo fi ń wò." Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ pàrásítámọ̀, ó dìde, ó lọ bá ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀bù, a gbọ́ ohùn rẹ̀ títí dé títì.

Nítorí náà, mi ò pààrọ̀ rẹ̀ tán. Ṣágámù ló ń ṣe àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, àwọn ló ń pinnu oògùn. Ẹni wa ló ń wá sílé fa omi sí i lára lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ológbò ọdún 14 má bàa máa tọ̀ sára lójú ọ̀nà Ṣágámù. Ṣọ́ọ̀bù yẹn, n kò tún ní ra oògùn níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó dé pẹ̀lú kúlà rẹ̀ àti síkéèlì kékeré kan tó rà. Ó gbé Ẹkùn lé e, ó fa ìwé kékeré yọ lápò, ó kọ ọ́ síbẹ̀: 3.3.