Gáàdì Rọ́bà, ti Dígí, àbí Hydrogel? Ẹ Ka Èyí Kí Ẹ Tó Dé Ọ̀tìgbà

Kọ́kọ́rọ́ ilé mi ni mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. A ń ti etí òkun Ẹlẹ́gùúṣì bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ju fóònù, kọ́kọ́rọ́ àti sálúbàtà sínú báàgì kan náà. Kí n tó délé, ìlà mẹ́ta ti hàn lójú fóònù, àfi bí ẹni pé wọ́n gbé e lọ fún olóolà. Mo gbé e lọ sí Computer Village n'Ìkẹjà, mo ń bú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ọmọkùnrin tó ń lẹ screen guard lábẹ́ agbòòrùn ní òpópónà Ọ̀tìgbà yí ojú fóònù náà sí oòrùn, ó fi èékánná tọ́ ọ wò, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ jàre. Iyanrìn ló ṣiṣẹ́ yìí."

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ Jámánì kan, Friedrich Mohs, ló to líle òkúta sí ìpele 1 títí dé 10 ní ọdún 1812, kó lè hàn pé èyí tó le ló ń họ èyí tó rọ̀. Èékánná wa wà ní nǹkan bí 2 àbọ̀. Kọ́kọ́rọ́ onídẹ wà láàárín 3 sí 4. Dígí ojú fóònù wà ní bí 6. Iyanrìn ńkọ́? Òkúta quartz ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, 7 sì ni quartz. Kọ́kọ́rọ́ àti fóònù lè jọ gbé inú àpò kan fún ọdún kan láìjà, ṣùgbọ́n hóró iyanrìn kan ṣoṣo tó bá há sí wọn láàárín ti tó dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé iyanrìn kì í wọ́n wa l'Ékòó. Àwọn àdúgbò kan wà ní Lẹ́kkí tó jẹ́ pé iyanrìn ni wọ́n fi dí omi kí wọ́n tó kọ́lé lé e. Bí ọyẹ́ bá tún dé, eruku á wọ ibi tí ẹ ò rò.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn ní Ọ̀tìgbà, ẹ mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀rù. Ṣé kí fóònù má họ ni, àbí kó má fọ́? Àrùn méjì ni. Àwọn tó ń tajà á fẹ́ ta oògùn kan fún yín fún méjèèjì.

Rọ́bà àti dígí

Gáàdì onírọ́bà ni èyí tó fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, irú èyí tó máa ń wà lójú ọ̀pọ̀ fóònù tuntun láti inú páálí. Àwọn ènìyàn a máa fojú tín-ín-rín rẹ̀ torí pé kì í pẹ́ họ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn! Ó ń họ kí ojú fóònù má baà họ. Owó rẹ̀ kéré débi pé ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó di owó dígí kan. Àléébù rẹ̀ ni pé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣú, ìka ò ní í yọ̀ lórí rẹ̀ mọ́, bí fóònù bá sì já lulẹ̀ lórí kọnkéré, kò ní í lè ṣe ohun kan gbòógì.

Dígí yàtọ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ ò ní í mọ̀ pé kì í ṣe ojú fóònù fúnra rẹ̀ lẹ ń fọwọ́ kàn. Kọ́kọ́rọ́ ò rí i gbé ṣe. Iyanrìn ṣì lè họ ọ́ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín, ṣùgbọ́n kì í họ wéréwéré bíi rọ́bà. Ibi tó ti ta rọ́bà yọ ni ìṣubú: bí òkúta ṣóńṣó kan bá kọlù ú, òun ni yóò kọ́kọ́ sán, ojú fóònù á lè yè é.

Bí wọ́n ṣe ń sọ dígí kékeré báyìí di alágbára dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ń rì sínú iyọ̀ potassium tó gbóná débi pé ó ti yọ́. Èròjà sodium tó wà lójú dígí á jáde, potassium tó sanra jù ú lọ á gba àyè rẹ̀. Ó dà bí dáńfó tí kọ̀ndọ́ ti ní kí ẹni mẹ́rin sún mọ́ra lórí àga ẹni mẹ́ta: gbogbo wọn fún pọ̀, ẹnikẹ́ni ò rí ibi yà sí. Bí dígí náà bá fẹ́ sán, àfi kí ohun tó fẹ́ sán an kọ́kọ́ borí fífúnpọ̀ yẹn. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú Gorilla Glass tí ilé iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ń ṣe, èyí tí a mọ̀ mọ fóònù láti ìgbà iPhone àkọ́kọ́ ní 2007.

Ẹ ó rí "9H" lára páálí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo dígí tí wọ́n bá nà sí yín. Ọ̀rẹ́ mi kan rò pé 9 ti Mohs ni, pé dáyámọ́ǹdì tó jẹ́ 10 nìkan ló kù tó lè họ ọ́. Ó sanwó lé e lórí. Pẹ́ńsù ni wọ́n ń sọ! Wọ́n máa ń fi pẹ́ńsù oríṣiríṣi ha nǹkan wò, 9H sì wà lára àwọn tó le jù nínú wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé pẹ́ńsù ò lè họ dígí náà lọ. Ta ló ń fi pẹ́ńsù ha fóònù n'Ìkòròdú?

Tèmi rèé: bó bá jẹ́ pé jẹ́jẹ́ lẹ ń mú fóònù, tí pouch yín sì ga díẹ̀ ju ojú fóònù lọ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, rọ́bà tó yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń fo dáńfó láàárọ̀ láti Ojúẹlẹ́gbà, dígí ni kí ẹ rà. Ọwọ́ tèmi ń yọ̀, dígí ni mo ń lò.

Fóònù tí ojú rẹ̀ tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́

Dígí pẹlẹbẹ kì í bá irú fóònù yìí ṣe. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á gbé sókè, eruku á wọbẹ̀. Nǹkan méjì ló kù.

Hydrogel ni àwọn tó ní ẹ̀rọ ń gé lójú yín, bí fóònù yín ṣe rí gẹ́lẹ́, ì báà jẹ́ irú fóònù tí wọn kì í sábà kó gáàdì rẹ̀ wá. Ó rọ̀, ó máa ń fà bíi rọ́bà, ìlà tínńtínní tó bá wà lára rẹ̀ sì lè pa dé fúnra rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Èyí tó bá jinlẹ̀ kì í pa dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń lẹ èékánná, ẹ ṣọ́ra, torí ojú rẹ̀ máa ń gba àpá èékánná. Ẹ sì ná ọjà náà dáadáa, torí ọ̀rá ni ẹ ń rà, iṣẹ́ ẹ̀rọ lẹ ń sanwó fún.

Èkejì ni dígí UV: wọ́n á da gọ́ọ̀mù olómi sójú fóònù, wọ́n á gbé dígí lé e, wọ́n á tan iná UV sí i kó le. Ó mọ́, ó sì máa ń bo ìlà kéékèèké tó ti wà nílẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni gọ́ọ̀mù yẹn. Bó bá ṣàn wọ ibi tí a ti ń gbọ́ ohùn, ẹ ó máa gbọ́ ìyá yín bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú kànga. Hydrogel ni mo fara mọ́, àyàfi tí fóònù yín bá máa ń já bọ́.

Ọ̀rọ̀ ìtẹ̀ka tún wà níbẹ̀. Fóònù tó ń fi ìró ka ìka lábẹ́ dígí, bíi Samsung Galaxy S10 ti 2019, kì í fẹ́ àlàfo afẹ́fẹ́ láàárín òun àti gáàdì. Ní ọdún yẹn kan náà, Samsung fúnra wọn gbà pé àwọn ìbòrí onísílíkónì kan ń jẹ́ kí ìka ẹlòmíràn ṣí i, wọ́n sì tún un ṣe. Gáàdì yòówù kí ẹ lẹ̀, ẹ tún ìka yín fi sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka ẹlòmíràn dán an wò.

Èyí tí wọ́n ń pariwo

Gáàdì privacy, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rí ojú fóònù yín, dára fún ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ nínú BRT tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti na ọrùn bí àgùfọn. Ṣùgbọ́n ó ṣókùnkùn. Lábẹ́ oòrùn Èkó, ẹ ó tan iná fóònù dé òkè pátápátá, bátìrì á sì sá lọ, kó tó kan ìgbà tí NEPA bá mú iná. Ní ti kí fóònù má họ, dígí bíi ti tẹ́lẹ̀ náà ni. "Ceramic" ńkọ́? Ẹ ká a wò. Bó bá ká, rọ́bà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí ẹ sanwó rọ́bà. Èyí tó jẹ́ omi tí wọ́n ń fi pa ojú fóònù, mi ò ní í rà á: kò ṣeé rí, kò ṣeé ṣí kúrò bó bá họ.

Ẹ tún gbàgbé ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n ní ó ń pa ìlà rẹ́. Ohun tó ń ha eyín ló wà nínú rẹ̀, á kàn fi kún ìlà náà ni.

Ọwọ́ tó ń lẹ̀ ẹ́

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, tó fi ata sẹ́nu. Mo ti rí ẹni tó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu ojú fóònù oníbàárà, lẹ́bàá títì, ní oṣù Kìn-ín-ní tí ọyẹ́ mú gan-an. Iyanrìn tó wà lára ẹ̀wù yẹn ló fi ń họ fóònù, kó tó wá fi gáàdì dé e mọ́lẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fẹ́ eruku kúrò, á fi ìnùjú onísípírítì nù ún, á fi aṣọ gbígbẹ nù ún, á wá fi lẹ́bẹ́ẹ̀lì tó ń lẹ̀ mú eruku tó kù. Bí ó bá fo ọ̀kan, ẹ gba fóònù yín. Ẹ̀yin ará Erékùṣù tí kò lè torí gáàdì sọdá Third Mainland, Ṣàká Tinúbú wà ní Victoria Island, ohun kan náà ni kí ẹ ṣọ́ níbẹ̀.

Bí dígí bá ti sán, ẹ má fi í ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ yọ ọ́ kó má baà gé yín níka. Kí ọmọ náà tó fọwọ́ kan ti àtijọ́, ẹ béèrè bóyá owó iṣẹ́ wà nínú iye tó dá yín lóhùn. Bó bá ti ṣí i tán, òun ló ń dá iye, kì í ṣe ẹ̀yin mọ́.