Corfe tàbí Dinas Brân: èwo ni kí ẹ gùn?

Orí òkè ni ahoro ilé olódi méjèèjì wà, ṣùgbọ́n wàhálà wọn kò dọ́gba.

Corfe, ní Dorset lápá gúúsù Ẹ́ńgíláǹdì, ló rọrùn jù. Òkè rẹ̀ kò ga ju nǹkan bí 55 mítà lọ, rélùwéè Swanage sì ń dúró nítòsí. Ẹ ó sanwó wọlé, wọ́n sì máa ń tì í nírọ̀lẹ́, ẹ tètè dé. Ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n fi wó o ní 1646. Ẹ wo ẹnubodè kejì dáadáa: apá kan rẹ̀ ti yọ̀ wá sísàlẹ̀ odindi, ó ṣì wà lóòró, kò túká! Ìyẹn nìkan tó owó ìwọlé. Bí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú yín, ibí ni kí ẹ mú wọn lọ.

Dinas Brân, lókè ìlú Llangollen ní Wales, kò gbowó, kò sì ní ìlẹ̀kùn. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ gan-an ló dáná sun ún ní 1277. Ògiri tó kù kò pọ̀, àmọ́ kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ṣì jìn, ojú yín á sì ká gbogbo àfonífojì odò Dee. Àwa fẹ́ràn rẹ̀ ju Corfe lọ. Láti afárá ìlú, ẹ fún gígun rẹ̀ ní wákàtí kan. Sísọ̀kalẹ̀ ló ń gbé èèyàn ṣubú, torí koríko tútù ń yọ̀. Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ kò dára. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí omi lókè. Bí ẹ bá wọ rélùwéè, ẹ sọ̀ ní Ruabon, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì.