Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ẹrù pọ́ǹdù ẹja ńlá lódindi

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín gbẹ́ pọ́ǹdù sẹ́yìnkùlé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹja ńlá ilẹ̀ olóoru wù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn kan wà tó ń ta gbogbo ẹ̀ pọ̀: ọ̀rá tí a ń tẹ́ sínú kòtò, pọ́ǹpù, asẹ́ omi, ìgò oògùn kan, àti ọmọ ẹja díẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ gbẹ́ kòtò, kí ẹ rọ omi sí i, kí ẹ sì da ẹja sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ra irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo bá nínú rẹ̀ kọ́ ni wọ́n polówó, ẹni tó sì tà á fún mi kò gbé fóònù mọ́ látìgbà tí owó ti wọlé.

Ọ̀rá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí pé tí omi bá ti kún orí rẹ̀, àtipààrọ̀ rẹ̀ di iṣẹ́ ńlá. Rọ́bà tí wọ́n ń pè ní EPDM ló dára, kó nípọn tó mìlímítà 1, kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì kọ ọ́ pé kò léwu fún ẹja. Ohun tí àwọn èèyàn yìí ń kó fún oníbàárà ni tapólì lásán, èyí tí oòrùn máa ń jẹ títí á fi gbó, tàbí kẹ̀, EPDM tí wọ́n ṣe fún òrùlé ilé. Ti òrùlé yìí jọ ti pọ́ǹdù débi pé ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n oògùn tó ń pa ewédò lè wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ sọ̀yà pé ẹja lè gbé inú rẹ̀.

Òṣùwọ̀n ló máa ń tú àṣírí wọn. Ká ní kòtò yín gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3, ó sì jìn ní mítà 1.5. Ẹ ó fi ìlọ́po méjì jíjìn rẹ̀ kún gígùn, ẹ ó ṣe bákan náà sí fífẹ̀, ẹ ó wá fi ìdajì mítà kún etí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá yín á jẹ́ mítà 8 lóròó, mítà 7 níbùú. Rọ́bà gidi tó nípọn tó mìlímítà 1 máa ń wọ̀n ju kílò 1 lọ ní gbogbo mítà kan níbùú lóròó, torí náà ẹrù yín gbọ́dọ̀ ju kílò 60 lọ. Èèyàn méjì ló yẹ kó gbé e wọlé. Ẹni tó gbé tèmi wá, ṣe ló há a mọ́ abíyá. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé fífẹ̀ ojú kòtò nìkan ni wọ́n máa gé e mọ, bí ẹni pé kòtò náà kò ní ògiri.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí pọ́ǹpù. Kòtò tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yẹn máa gba omi lítà 18,000. Ẹja ńlá ń jẹun púpọ̀, ó sì ń yàgbẹ́ púpọ̀, torí náà ó kéré tán, gbogbo omi yẹn gbọ́dọ̀ gba inú asẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí méjì-méjì, ìyẹn lítà 9,000 ní wákàtí kan. Wọ́n kọ 10,000 sára pọ́ǹpù tí wọ́n fún mi. Àní bí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, ti ìgbà tí pọ́ǹpù kò gbé omi ga rárá ni. Bó bá ṣe ń gbé omi ga sí i ni omi tó ń jáde ń dín kù. Olùtajà tó mọṣẹ́ á fi àtẹ hàn yín, tó sọ iye lítà tó ń jáde ní mítà 1 àti ní mítà 2. Ẹ bi í. Tí kò bá ní in, ẹ fi owó yín sápò. Tí ẹ bá sì ti rà á, ẹ gbé ẹnu họ́ọ̀sì sókè dé ibi tí omi á ti máa jáde, kí ẹ wá fi bàkẹ́ẹ̀tì lítà 20 gbà á. Tí lítà 10,000 bá ń jáde lóòótọ́ ní wákàtí kan ní ibi gíga yẹn, bàkẹ́ẹ̀tì náà gbọ́dọ̀ kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 7 tàbí 8. Tèmi kọjá ìṣẹ́jú àáyá 20.

Ìgò oògùn yẹn ló bí mi nínú jù. Wọ́n ní bakitéríà ló wà nínú rẹ̀, pé ilẹ̀ á mọ́ bá omi tó ti ṣe tán. Irọ́ ni. Amóníà ń jáde lára ẹja, májèlé sì ni. Bakitéríà inú asẹ́ ló ń sọ ọ́ di náítíráìtì, májèlé mìíràn, kí òmíràn tó sọ ìyẹn di náítíréètì tí ewu rẹ̀ kéré. Kí wọ́n tó pọ̀ tó láti ṣe iṣẹ́ yìí sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ẹja wọ̀nyí nílò, nǹkan bí ìwọ̀n 24 sí 28 °C, tún máa ń jẹ́ kí oró amóníà le sí i. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń kán yín lójú pé kí ẹ da ẹja sí i lọ́jọ́ kan náà ni pé tí ẹja bá ti kú, wọ́n á ní ọwọ́ yín ló pa á, ọ̀rọ̀ owó ìdápadà á sì parí síbẹ̀.

Lórí ẹja fúnra rẹ̀, ẹ má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó bá sọ pé ẹja kì í dàgbà ju omi tó ń gbé lọ. Ọmọ redtail catfish, ìbátan ẹja àrọ̀ tí ìrù rẹ̀ pupa, kò ju ìka ọwọ́ lọ nígbà tí wọ́n ń tà á, ó sì máa ń ju mítà 1 lọ tó bá dàgbà. Arapaima, ẹja ńlá mìíràn, lè ju mítà 2 lọ. Ẹja tí kò dàgbà nínú omi tó há mọ́ ọn, ìyà ló ń jẹ ẹ́. Tí wọ́n bá sì fẹ́ ta ẹja arowana ilẹ̀ Éṣíà fún yín, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀, nítorí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ti fi í sí ìpele tí ààbò rẹ̀ le jù lọ.

Ẹ tún yẹra fún ọ̀pá omi tó ní bàbà tàbí síǹkì, àti àlòkù táǹkì tí ẹni tó ń tà á kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Tí ẹ bá ti sanwó, ẹ má tíì gé ọ̀rá náà. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ ya fídíò bàkẹ́ẹ̀tì àti pọ́ǹpù, kí ẹ sì tọ́jú àwòrán ìpolówó wọn kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Gbogbo ìyẹn ni kí ẹ kó lọ bá báńkì tàbí ilé iṣẹ́ tí ẹ gbà sanwó, kíákíá, torí pé gbèdéke máa ń wà fún ẹ̀sùn irú èyí. Tí wọ́n bá pè yín pé kí ẹ fi díẹ̀ kún un kí wọ́n lè fi òmíràn ránṣẹ́, ẹ má fún wọn ní kọ́bọ̀.